Láti Orí Bọ́ọ̀dù Dé Orí Kánfáàsì: Ọ̀rọ̀ fún Sáìnráìtà Tó Fẹ́ Di Ayàwòrán Gálárì

Láti Ìjẹ̀bú-Òde dé Ṣágámù, bọ́ọ̀dù tí wọ́n fọwọ́ kọ ò pọ̀ mọ́. Fléèsì ló gbà á. Oníbàárà á lọ bá àwọn tó ń tẹ fléèsì láàárọ̀, á sì ti gbé tiẹ̀ kọ́ sẹ́nu ṣọ́ọ̀bù kílẹ̀ tó ṣú. Ẹni tó ti ń kọ orúkọ ṣọ́ọ̀ṣì, ilé ẹ̀kọ́ àti ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, iṣẹ́ ara ọkọ̀ àti "Ilé yìí kì í ṣe títà" tí wọ́n ń kọ sára ògiri nìkan ló kù fún un. Àwọn kan ti fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ pátápátá. Àwọn kan sì ń rò ó pé àwọn fẹ́ máa ya àwòrán tí èèyàn ń rà lọ kọ́ sí yàrá, tí gálárì ń pàtẹ. Àwọn wọ̀nyí ni mo ń bá sọ̀rọ̀.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ẹ ò mọ nǹkan kan. Ọwọ́ yín ti mọ ìlà gígùn tí ò gbọ̀n. Ẹ mọ bí a ṣe ń fi ìlà pín fọ́tò pásípọ́ọ̀tù sí ilé kéékèèké, ká sì gbé e tóbi títí yóò fi kún ògiri. Ẹ mọ bí àyè tó wà láàárín lẹ́tà méjì ṣe ń ba ọ̀rọ̀ jẹ́ bó bá pọ̀ jù. Ẹ mọ bí a ṣe ń pọ́n ọ̀dà sẹ́nu búrọ́ọ̀ṣì tí kò ní kán sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ọnà ló ń gba ìwé ẹ̀rí láìní ọwọ́ bẹ́ẹ̀. Èrò tèmi ni pé kẹ́ ẹ má sọ ọwọ́ bọ́ọ̀dù yìí nù nítorí pé ẹ fẹ́ jọ ayàwòrán Èkó. Ohun tó yẹ kó yí padà ni ohun èlò yín, àti ẹni tó ń pàṣẹ ohun tẹ́ ẹ máa yà.

Àwọn kan ti rin ọ̀nà yìí. Chéri Samba ní Kinshasa, bọ́ọ̀dù ló ń kọ kó tó ṣí ṣọ́ọ̀bù tara ẹ̀ ní 1975. Nígbà tó fi máa di 1989, iṣẹ́ ẹ̀ wà lára àfihàn ńlá kan ní Centre Pompidou, ilé àfihàn iṣẹ́ ọnà ní Paris. Kò fi lẹ́tà sílẹ̀ rárá. Ó ń kọ ọ̀rọ̀ sínú àwòrán ẹ̀, ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ló sì ń dá èèyàn dúró níwájú ẹ̀. Ní Onitsha, sáìnráìtà ni ọkùnrin tí wọ́n ń pè ní Middle Art, bọ́ọ̀dù tó ń yà ló sọ ọ́ di ẹni tí àwọn olùkójọ iṣẹ́ ọnà mọ̀. Ìjẹ̀bú-Òde tiwa yìí náà ni wọ́n ti bí Aina Onabolu ní 1882, ẹni tí gbogbo ayàwòrán ilẹ̀ yìí ń pè ní aṣáájú. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ nígbà èwe. Àwòrán inú ìwé òyìnbó ló ń wò yà. Ó ti ya àwòrán Ìyáàfin Spencer Savage ní 1906, ó tó ọdún mẹ́rìnlá lẹ́yìn náà kó tó lọ kàwé ní London.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí ọ̀dà, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ sáìnráìtà ti ń kọsẹ̀.

Glọ́ọ̀sì inú àgólò tó ti mọ́ yín lọ́wọ́, òróró ló wà nínú ẹ̀. Lórí páànù àti pákó, kò sóhun tó ṣe é. Lórí aṣọ kánfáàsì, wàhálà ni. Kánfáàsì kì í dúró sójú kan: nígbà òjò á fa omi inú afẹ́fẹ́ mu, nígbà ọyẹ́ á gbẹ, á tún fún. Glọ́ọ̀sì tuntun lè bá a nà díẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá ti gbó, á le, kò ní lè bá aṣọ nà mọ́, ó di kó máa sán. Èkejì, glọ́ọ̀sì funfun máa ń pọ́n, pàápàá nínú yàrá tí ìmọ́lẹ̀ ò dé. Ẹ̀kẹta ni pé tẹ́ ẹ bá kùn ún sórí aṣọ tẹ́ ẹ ò tíì dí ojú ẹ̀, òróró á wọnú òwú, òwú á máa gbó wéréwéré. Ẹni tó fowó gidi ra àwòrán yín lónìí á pè yín lọ́dún díẹ̀ sí i.

Wàhálà mìíràn ni kẹrosíìnì tí ọ̀pọ̀ ń fi kún un. Kẹrosíìnì tá a fi ń la glọ́ọ̀sì kì í gbẹ tán bọ̀rọ̀. Ó ń fi ọ̀rá sílẹ̀, ó ń sọ ọ̀dà di bàìbàì, ohun tẹ́ ẹ bá sì kùn lé e ò ní dì í mú dáadáa. Bó bá di dandan kẹ́ ẹ la ọ̀dà olóróró, white spirit tàbí turpentine ni kẹ́ ẹ lò.

Ọ̀nà mẹ́ta ló wà. Ẹ lè dúró lórí glọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n kó jẹ́ orí plywood tó nípọn tó mílímítà 12, kì í ṣe orí aṣọ. Ẹ gbọ́dọ̀ dí iwájú, ẹ̀yìn àti etí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bẹ́ ẹ bá kun iwájú nìkan, ẹ̀yìn ni omi inú afẹ́fẹ́ á máa gbà wọlé, pákó á tẹ̀. Ẹ lè lo ọ̀dà olóróró inú túùbù. Ẹ sì lè lo acrylic.

Acrylic ni mo máa ní kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Omi la fi ń là á, kì í rùn, láàárín ìdajì wákàtí ẹ ti lè kun òmíràn lé e, ó sì ń nà pẹ̀lú aṣọ. Ohun tó máa kọ́kọ́ dà yín láàmú ni pé ó ń gbẹ jù. Glọ́ọ̀sì ń fún èèyàn láàyè kó padà tún etí lẹ́tà ṣe; acrylic ò ní dúró dè yín, nígbà ọyẹ́ ó lè gbẹ sẹ́nu búrọ́ọ̀ṣì. Ẹ fi ike tó ń fọ́n omi sẹ́gbẹ̀ẹ́, kẹ́ ẹ sì tẹ́ aṣọ tútù sábẹ́ bébà lórí ibi tẹ́ ẹ ti ń po ọ̀dà. Ẹ má la á jù pẹ̀lú omi: bí omi bá ti pọ̀ ju ọ̀dà lọ, ohun tó ń di àwọ̀ mú á tú ká, ẹ ó rí i pé ìka lè nù ún kúrò.

Àwọn tó bá fẹ́ lọ sórí ọ̀dà olóróró, òfin kan ò ṣe é yẹ̀: tẹ́ẹ́rẹ́ nísàlẹ̀, ọlọ́ràá lókè. Ìpele àkọ́kọ́ kó ní turpentine nínú, kó má ní òróró púpọ̀. Bẹ́ ẹ ti ń gòkè ni kẹ́ ẹ máa fi òróró linseed kún un. Bẹ́ ẹ bá yí i padà, òkè á gbẹ kí ìsàlẹ̀ tó gbẹ, ìsàlẹ̀ á máa rìn, òkè á sán. Olóróró lè wà lórí acrylic. Acrylic ò gbọ́dọ̀ wà lórí olóróró tàbí lórí glọ́ọ̀sì, á máa ká kúrò ni. Kẹ́ ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ má ká àkísà tó ní òróró linseed jọ sí kọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù. Bó ti ń gbẹ ló ń gbóná, ó sì lè gbiná fúnra ẹ̀ láìsí ẹni tó ṣáná sí i. Ẹ tẹ́ ẹ síta lọ́kọ̀ọ̀kan kó gbẹ, tàbí kẹ́ ẹ rì í sínú garawa omi.

Férémù ńkọ́? Ẹ̀yin ará Ìjẹ̀bú-Igbó, igi ò jìnnà sí yín. Arère ni kẹ́ ẹ béèrè ní sọ́ọ̀mìlì: ó fúyẹ́, ó rọ̀ fún ayùn, kì í wọ́ púpọ̀ bó bá ti gbẹ. Àmọ́ arère tútù ń tètè dúdú, kòkòrò sì fẹ́ràn ẹ̀, nítorí náà ẹ fi igi kéékèèké sáàárín wọn, kẹ́ ẹ tò wọ́n jọ lábẹ́ òrùlé níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, fún oṣù kan ó kéré tán kẹ́ ẹ tó kàn án. Igi tútù á ti yí kánfáàsì mọ́ ara ẹ̀ kẹ́ ẹ tó parí àwòrán. Fún àwòrán tí ò ju fíìtì mẹ́ta lọ, igi íńṣì 2 sí 1 tó. Bó bá jù bẹ́ẹ̀, ẹ lo 2 sí 2, kẹ́ ẹ sì fi igi ìdábùú sáàárín.

Ẹ ní kí káfíńtà fá etí inú férémù kó da gẹ̀rẹ́, kó lè jẹ́ etí ìta nìkan ló kan aṣọ. Iṣẹ́ kékeré ni, ọ̀pọ̀ ni kì í ṣe é. Bí igi bá pẹ̀lẹ́bẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn aṣọ, búrọ́ọ̀ṣì á máa tẹ aṣọ mọ́ ọn, títí láé ni ìlà férémù á fi máa hàn lójú àwòrán yín. Ẹ tún fi okùn wọn láti igun dé igun ní ọ̀nà méjèèjì. Bí iye wọn ò bá dọ́gba, férémù ti wọ́, ẹ má tíì na aṣọ sórí ẹ̀.

Ẹ gé aṣọ kó fi íńṣì mẹ́ta ju férémù lọ ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ìṣó àkọ́kọ́ á wọ àárín ẹ̀gbẹ́ kan, èkejì á wọ àárín ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí i, lẹ́yìn náà ẹ̀gbẹ́ méjì tó kù. Láti ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti máa lọ sí igun díẹ̀díẹ̀, ẹ̀gbẹ́ yìí, ẹ̀gbẹ́ tọ̀hún, ìṣó kan sí íńṣì méjì. Ẹni tó bá ti igun bẹ̀rẹ̀ á kó gbogbo ìwúnjọ lọ sí igun kejì, kò sì ní rí i tún ṣe. Ẹ má fa aṣọ òwú le jù, torí pé bẹ́ ẹ bá ti fi omi àti gúlùù kàn án, á fún ara ẹ̀, á sì le bí awọ ìlù.

Gúlùù funfun tí káfíńtà ń lò ló ń dí ojú aṣọ: gúlùù kan sí omi mẹ́ta, ẹ kùn ún lẹ́ẹ̀kan, kó gbẹ tán. Ìgbà yẹn ni primer acrylic, ọ̀dà ìpìlẹ̀ tí a kọ́kọ́ ń kùn, kàn, ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta, tí ìkan bá lọ sókè-sódò kí èkejì lọ sọ́tùn-ún-sósì, kẹ́ ẹ sì fi sáńpépà 220 rọra fá a láàárín. Bí owó primer ò bá sí, àwọn kan ń lo ẹmọ́ṣọ̀n. Ó ṣeé ṣe fún acrylic, bó bá jẹ́ ẹmọ́ṣọ̀n gidi tó ṣeé fọ̀, ìwọ̀n mẹ́rin sí gúlùù kan. Ẹ kùn ún sórí ègé aṣọ kan ná, kó gbẹ fún ọjọ́ méjì, kẹ́ ẹ wá ká a méjì: bó bá sán tàbí tó tú ẹfun sílẹ̀, ẹ má lò ó. Kánfáàsì tí wọ́n fi ẹmọ́ṣọ̀n ṣe kì í ṣe èyí tẹ́ ẹ máa ká sínú páìpù gbé rìnrìn-àjò o.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ ló gba àkókò jù. Ojú èèyàn tó wà lórí bọ́ọ̀dù onígbàjámọ̀, búráwùn láti inú àgólò ni, dúdú fún òjìji, funfun fún ibi tó ń dán. Láti inú bọ́ọ̀sì tó ń sáré, ó ṣiṣẹ́ ẹ̀. Lórí ògiri yàrá, níbi téèyàn dúró sí fíìtì mẹ́ta, ojú náà á dà bí ojú ẹni tí wọ́n da eérú sí lára. Funfun ló fà á: tẹ́ ẹ bá po funfun mọ́ búráwùn, kì í tàn, ńṣe ló ń rọ. Ẹ ra túùbù mẹ́fà péré: burnt sienna (búráwùn tó pọ́n), burnt umber (búráwùn tó ṣú), yellow ochre (yẹ́lò tó jọ amọ̀), ultramarine (búlúù tó jinlẹ̀), pupa kan, àti funfun. Ẹ fi dúdú sílẹ̀ ná.

Fún awọ ara, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti burnt sienna. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bà díẹ̀, ẹ fi yellow ochre kún un, kì í ṣe funfun. Òjìji, burnt umber àti ultramarine, tí umber pọ̀ jù bó bá jẹ́ inú ilé, tí búlúù pọ̀ sí i bó bá jẹ́ ìta. Ibi tó ń dán gan-an níwájú orí àti lórí imú, ibẹ̀ nìkan ni funfun wà, pẹ̀lú ultramarine bíńtín nínú ẹ̀, torí ojú ọ̀run ló ń tàn síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ wo abẹ́ àgbọ̀n. Ẹni tó bá dúró lórí ilẹ̀ pupa wa yìí lọ́sàn-án gangan, abẹ́ àgbọ̀n ẹ̀ kì í dúdú, ó ń pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́, ilẹ̀ ló ń ta ìmọ́lẹ̀ padà sí i. Bó bá wọ aṣọ òkè aláwọ̀ ewé, ewé náà á hàn níbẹ̀. Ohun kékeré báyìí ló ń jẹ́ kí èèyàn gbà pé ẹ rí ẹni tẹ́ ẹ yà.

Ìṣòro kejì tún wà, ìyẹn ni ti etí. Gbogbo etí lẹ́tà gbọ́dọ̀ mú, kí awakọ̀ tó rí i kà. Ọwọ́ yín á gbé àṣà yìí wá sórí kánfáàsì, etí gbogbo á mú: ti irun, ti aṣọ, ti igi tó wà lẹ́yìn. Ojú tó ń wò ó ò ní mọ ibi tó máa bà lé. Ẹ yan ibi kan tàbí méjì tí etí máa mú, bóyá ìpéǹpéjú àti ìka ọwọ́, kẹ́ ẹ wá fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ pa etí ìyókù rẹ́ kí ọ̀dà tó gbẹ. Ó ń dun sáìnráìtà láti ba ìlà tó dáa jẹ́, mo mọ̀. Ẹ ṣe é.

Kí lẹ máa yà? Ọ̀pọ̀ ló ń sáré lọ sórí ẹṣin Ojúde Ọba. Mi ò sọ pé kò dáa. Ọjọ́ kẹta Iléyá ní Ìjẹ̀bú-Òde, àwọ̀ tó wà níbẹ̀ tó ya fún gbogbo ayé. Àmọ́ fọ́tò tí wọ́n gbé sórí Facebook ni wọ́n ń wò yà, fọ́tò yẹn ní olówó, ayàwòrán mẹ́wàá mìíràn sì ti yà á. Ẹ gbé ìwé ìyàwòrán lọ fúnra yín, kẹ́ ẹ dúró sẹ́yìn níbi tí àwọn regberegbe, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ọjọ́ orí kan náà, ti ń tún gèlè wé, tí àwọn ọmọ ń mú omi fún ẹṣin. Ohun tí ìlú sì ní kí ojú má rí, bíi ti Agẹmọ, ẹ fi sílẹ̀ fún àwọn tó ni ín.

Ohun tó jẹ́ tiyín ju tẹnikẹ́ni lọ ni bọ́ọ̀dù fúnra ẹ̀. Ògiri tó ti ní ìpele ọ̀dà mẹ́rin, tí orúkọ ṣọ́ọ̀bù àná ń yọjú lábẹ́ tòní. Ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ọkọ̀ tí ẹrẹ̀ ti bo ìdajì ẹ̀. "Ilé yìí kì í ṣe títà" lára ilé alámọ̀ tí páànù ẹ̀ ti dípẹtà, tó jẹ́ pé a ò mọ̀ bóyá ẹni tó kọ ọ́ ṣì wà. Kò sí ẹni tó jáde nílé ẹ̀kọ́ gíga tó mọ bí búrọ́ọ̀ṣì ṣe yí nígbà tó ń kọ lẹ́tà S yẹn. Ẹ̀yin mọ̀ ọ́n.

Gálárì kì í wo àwòrán kan ṣoṣo. Wọ́n fẹ́ rí mẹ́jọ sí méjìlá tó jọ ara wọn ní ọ̀rọ̀ àti ní ọwọ́, kó jẹ́ ìwọ̀n méjì péré. Ẹni tó bá gbé ẹṣin kan, ìyá arúgbó kan, odò kan àti Jésù kan lọ, wọ́n á yìn ín, wọ́n á sì ní kó padà wá.

Iye owó: ẹ ti mọ bí a ṣe ń fi fíìtì dá iye bọ́ọ̀dù, ẹ lo ọgbọ́n kan náà. Ẹ fi íńṣì gígùn sọ ti fífẹ̀ di púpọ̀, kẹ́ ẹ fi iye kan lé e. Ká ní ₦250 lẹ yàn: 24 sí 36 jẹ́ 864, ó di ₦216,000, 12 sí 16 jẹ́ 192, ó di ₦48,000. Gálárì sábà máa ń mú 30 sí 50 nínú ọgọ́rùn-ún. Bó bá mú 40 nínú ọgọ́rùn-ún lára ₦216,000, ₦129,600 ló kù fún yín. Ẹ yọ owó aṣọ, igi, ọ̀dà àti ọjọ́ tẹ́ ẹ fi ṣe é; bí kò bá ku nǹkan gidi, ₦250 ti kéré. Ohun tí ò gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀ ni kẹ́ ẹ ta a ní ẹ̀dínwó fún aládùúgbò ní ṣọ́ọ̀bù nígbà tí èkejì ẹ̀ wà ní gálárì. Oní-gálárì á gbọ́, kò sì ní gba iṣẹ́ yín mọ́.

Ẹ fọwọ́ sí iwájú ní igun kan, kó kéré. Kì í ṣe bọ́ọ̀dù tí nọ́mbà fóònù máa wà nísàlẹ̀ ẹ̀. Ẹ̀yìn ni orúkọ àwòrán, ìwọ̀n, irú ọ̀dà àti ọdún ń gbé. Ẹ ya fọ́tò ẹ̀ kó tó kúrò lọ́wọ́ yín: níta, lábẹ́ ibòji, láìlo iná fóònù, kí fóònù àti àwòrán kọjú sí ara wọn tààrà. Kẹ́ ẹ sì mọ̀ pé òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọnà ti 2022 ní ilẹ̀ wa fi ẹ̀tọ́ àwòrán sọ́wọ́ ẹni tó yà á, ó sì ń bá ajogún ẹ̀ lọ fún 70 ọdún lẹ́yìn ikú ẹ̀. Ẹni tó ra kánfáàsì ra kánfáàsì. Kò ra àṣẹ láti tẹ̀ ẹ́ sórí kàlẹ́ńdà, àyàfi bẹ́ ẹ bá kọ ọ́ fún un lórí ìwé.

Bẹ́ ẹ bá ń gbé iṣẹ́ lọ sí Lekki tàbí Victoria Island, ẹ má kọ ojú acrylic sí ara wọn. Nínú ooru ọkọ̀ ó ń rọ̀, ó ń lẹ̀, bẹ́ ẹ bá ya wọ́n, ọ̀kan á kó àwọ̀ èkejì lọ. Náílọ́ọ̀nù náà ń lẹ̀ mọ́ ọn. Bébà tí wọ́n fi ń yan kéèkì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi bo ojú ẹ̀, kí páálí tẹ̀ lé e. Bó bá di dandan kẹ́ ẹ ká a, ojú ọ̀dà ni kó wà níta, lórí páìpù tó fẹ̀ ní íńṣì mẹ́rin ó kéré tán.

Ẹ má tíì ti ṣọ́ọ̀bù bọ́ọ̀dù. Àwòrán lè pẹ́ lára ògiri gálárì kó tó rí olówó ẹ̀, owó ilé ìwé àwọn ọmọ ò sì ní dúró. Ẹ pín ọ̀sẹ̀ sí méjì, kí iṣẹ́ oníbàárà ní ọjọ́ tiẹ̀, kí kánfáàsì ní tiẹ̀, kẹ́ ẹ má sì gba iṣẹ́ "kíá kíá" lọ́jọ́ kánfáàsì. Búrọ́ọ̀ṣì wọn pàápàá ò gbọ́dọ̀ wà nínú àgólò kan náà. Èyí tó bá ti mu glọ́ọ̀sì rí, bó ti wù kẹ́ ẹ fọ̀ ọ́ tó, òróró ṣì wà nídìí irun ẹ̀. Bẹ́ ẹ bá fi kun acrylic, ibi tí òróró yẹn bá kàn ni ọ̀dà á ti máa ṣí kúrò. Ẹ so òwú pupa mọ́ ọrùn ti glọ́ọ̀sì, kí ọmọ iṣẹ́ náà lè mọ̀ ọ́n yàtọ̀.